Ohùn Warsono Nínú Fóònù Màmá Darsih

Kinasih ni ó pa ohùn Warsono rẹ́ kúrò nínú fóònù Màmá Darsih, ìyá Warsono, nítorí pé ó ń kánjú, ó sì ń bẹ̀rù ìtìjú.

Àwọn kan ládùúgbò ṣì ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Kinasih nígbà náà, orí rẹ̀ pé, ó sì mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ní àdúgbò àwọn apẹja tó wà lẹ́yìn èbúté Tegal. Àwọn obìnrin ti sá ẹja kún orí pẹpẹ ọparun lójúde, eṣinṣin ń kùn, òórùn iyọ̀ gba gbogbo ojúlé. Kinasih ti iléèwé dé, kò tíì bọ́ aṣọ iléèwé lọ́rùn tó fi ya ilé Màmá Darsih. Màmá Darsih jókòó sórí ẹní, ó gbé fóònù sétí, ó di ojú. Kò dáhùn nígbà tí Kinasih kí i. Ó kàn na ìka kan sókè pé kó ní sùúrù.

Ohùn ọkùnrin kan ń jáde látinú fóònù náà, atẹ́gùn òkun ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ ò rí oúnjẹ inú ọkọ̀ yìí! Ìrẹsì wọn le bí òkúta. Alásè wa gbé nǹkan kan síwájú mi lánàá, ó ní ọbẹ̀ ni. Mo ní ọbẹ̀ kẹ̀? Ṣé kì í ṣe omi tó o fi fọ ìkòkò nìyí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ń já lágbedeméjì bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Èdè Tegal paraku ló ń sọ, irú èyí tí àwọn ará Jakarta, olú-ìlú, fi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Màmá Darsih náà rẹ́rìn-ín, ó wá la ojú.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni Warsono. Ó bá ọkọ̀ apẹja ilẹ̀ òkèèrè lọ, bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin Tegal ti ń lọ. Àìsàn mú un lójú agbami, ó kú, wọ́n sì sọ òkú rẹ̀ sínú òkun. Báàgì aṣọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn ní Sumatra, ó ti yí nọ́ńbà padà, fóònù tí ìyàwó náà ń lò tẹ́lẹ̀ sì ti bàjẹ́ tipẹ́. Ohun tó kù nípa Warsono láyé yìí kò ju ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Tiyas, tí kò tíì lè jókòó nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ, àti àwọn ohùn tí ọkùnrin náà máa ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nígbàkígbà tí ọkọ̀ wọn bá dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

"Ẹ ò ṣe jẹ́ kí Tiyas máa gbọ́ ọ, Màmá?" Kinasih béèrè.

"Ó ti kéré jù. Á kàn fi ṣeré, á gbàgbé. Tó bá wọ iléèwé, tó ti gbọ́n díẹ̀, màá jókòó tì í. Ẹyọ kan lọ́jọ́ kan ni màá máa jẹ́ kó gbọ́, kó má tètè tán." Màmá Darsih fi etí aṣọ nu ojú fóònù náà. "Kí lo bá wá, ọmọ mi? Àbí ebi ló ń pa ẹ́? Tòfú wà nílẹ̀."

"Mo ti jẹun, Màmá. Bọ̀dá Panji ló ní kí n wá bá yín fi áàpù Kabar Laut sórí fóònù yín."

"Èyí tó máa ń sọ iye tí wọ́n ń ta ẹja?"

"Òun ni. Gbàǹjo tiwa níbí àti ti àwọn èbúté yòókù. Tí alágbàtà bá wá pa irọ́ fún yín pé ẹja ti wálẹ̀, ẹ kàn máa na fóònù sí i lójú ni."

"Háà! Fún mi kíá. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́ kọ́kọ́ nà án sí lójú."

Kinasih gba fóònù. Ó fi fáìlì ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù, ó wọ ibi tí wọ́n ti ń gba fóònù láyè láti gba áàpù tí kò wá láti ọjà áàpù, èyí tí Panji ń pè ní géètì, ó tẹ̀ ẹ́. Bí ó ti ń wọlé ni ìkìlọ̀ gbòòrò kan jáde pé fáìlì yìí lè ba fóònù jẹ́, pé ṣé ó dá a lójú?

Màmá Darsih fà sẹ́yìn, ó pe Kinasih ní ìnagijẹ rẹ̀. "Asih! Ó ń kìlọ̀! Yọ ọ́ o, má jẹ́ kó ba nǹkan mi jẹ́!"

"Ẹ má dá a lóhùn, Màmá. Òwú ni."

"Òwú ta ni?"

"Òwú ilé-iṣẹ́ ńlá tó ni ọjà áàpù. Wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíì, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń dẹ́rù bà yín. Tó bá ti pariwo báyìí, ẹ ṣáà tẹ Bẹ́ẹ̀ni."

"Àwọn olówó náà ń jowú?"

"Àwọn gan-an ni baba òjòwú."

Màmá Darsih pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Bíi ìyàwó ọlọ́kọ̀ wa nìyẹn! Pẹpẹ ẹja rẹ̀ gba gbogbo etí òkun, síbẹ̀ tó bá rí agbọ̀n kan lórí mi, ojú rẹ̀ á pọ́n." Ó na ìka, ó fúnra rẹ̀ tẹ Bẹ́ẹ̀ni, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó gbá olówó létí.

Ìdajì ohun tí Kinasih sọ jẹ́ òótọ́, ìdajì yòókù ló sì fa wàhálà.

Panji, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ṣe áàpù náà. Kò kàwé lọ sí ibi tó jìnnà, ṣùgbọ́n ó mọ fóònù, ó sì mọ̀ pé àwọn alágbàtà ń rẹ́ àwọn obìnrin àdúgbò jẹ. Inú ọjà áàpù tí gbogbo ayé ń lò ló kọ́kọ́ gbé e sí. Àwọn tó ni ọjà náà ní owó táwọn obìnrin ń san láti lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọwọ́ àwọn kọjá, àwọn á sì bu tàwọn kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bù pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó wá ọ̀nà ìsanwó mìíràn, wọ́n yọ áàpù rẹ̀ kúrò lọ́jà láìkọ lẹ́tà sí i. Òun àti àwọn kékeré bíi tirẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí Jakarta, sọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí i pé kí oníṣòwò ńlá má dínà mọ́ oníṣòwò kékeré.

Lọ́yà ilé-iṣẹ́ ńlá náà dìde níbẹ̀, ó ní àwọn kò dínà mọ́ ẹnikẹ́ni nítorí owó. Ààbò ni. Ó ní bí wọ́n bá fi àyè sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni máa gbé ohunkóhun sórí fóònù láti ibikíbi, olè ló máa kún ibẹ̀.

Panji náà dìde. Ó ní, "Ibi tẹ́nì kankan ò ti kọ́ àwọn èèyàn ni olè ti ń wọlé, ọ̀gá. Èmi ń kọ́ àwọn tèmi. Ẹ wá sí Tegal kẹ́ ẹ wá fojú ara yín rí i."

Àjọ náà ní àwọn ń bọ̀.

Ìdí nìyẹn tí Panji fi ní kí Kinasih àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Menik máa lọ láti ilé dé ilé. Ó pè wọ́n jókòó, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ ṣeré. "Ẹ ṣí géètì, ẹ gbé Kabar Laut wọlé, ẹ ti géètì. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi géètì fóònù ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé yẹn, ẹni tó ni fóònù gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún yín pé tí nǹkan mìíì bá wá, Rárá lòun máa tẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Bọ̀dá."

"Ẹni tó bá ṣe é dáadáa nínú yín, mo máa mú un dání lọ sí Jakarta lọ́jọ́ ìdájọ́."

Kinasih kò dé Jakarta rí. Láti ọjọ́ náà, kò ro nǹkan mìíràn mọ́.

Kinasih kọ́kọ́ ń ti géètì. Òótọ́ ni, ó tì í nílé àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n Panji kì í sinmi. Bó bá ti rí àṣìṣe kékeré nínú áàpù, á tún ẹ̀dà tuntun ṣe, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kàn lẹ́kùn láti ṣí géètì kí wọ́n tún tì í. Àwọn ìyá mìíràn á bínú pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ káwọn ráyè sá ẹja.

Menik bá Kinasih níbi tó ti ń mu tíì níwájú iléèwé. "Ìwọ ìgbín yìí, ojúlé wo lo ṣì wà?"

"Mo máa parí ti apá ìsàlẹ̀ lọ́la."

"Lọ́la! Èmi ti parí tèmi, mo ti lọ sùn, mo ti jí." Menik jókòó tì í, ó gba ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu nínú rẹ̀. "Ta ló ń ti géètì? Ṣé ìwọ ṣì ń tì í ni? Má sọ fún mi o! Asih, ìwọ lo máa ń gbapò kìíní ní kíláàsì, o ò wá lọ́gbọ́n. Jẹ́ kó wà ní ṣíṣí. Tí ẹ̀dà tuntun bá dé, kí wọ́n tẹ Bẹ́ẹ̀ni fúnra wọn, ó parí."

"Bọ̀dá Panji ní—"

"Bọ̀dá Panji ní, Bọ̀dá Panji ní. Ṣé Bọ̀dá Panji ló ń fẹsẹ̀ rìn ín? Ó dáa, máa tì í. Èmi ló máa mú lọ sí Jakarta, ìwọ máa wà níbí, wàá máa lé eṣinṣin lára ẹja."

Láti ọjọ́ kejì, Kinasih kò ti géètì mọ́. Ó padà sí àwọn ilé tó ti ti géètì wọn tẹ́lẹ̀, ó ṣí i. Kò tún bi àwọn ìyá léèrè ohun tí wọ́n máa ṣe bí nǹkan mìíràn bá wá. Ohun tó ń sọ fún gbogbo wọn ni ohun tó ti rí i pé ó ń dùn mọ́ wọn nínú: òwú ni, ẹ tẹ Bẹ́ẹ̀ni. Ọ̀rọ̀ náà di àwàdà ládùúgbò. Bí ọkọ bá bá ìyàwó rẹ̀ wí, ìyàwó á ní, "Òwú ni, mo tẹ Bẹ́ẹ̀ni."

"Ṣé o ń tì wọ́n?" Panji bi í léèrè.

"Mo ń tì wọ́n."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Bọ̀dá, ṣé mo purọ́ fún yín rí ni?"

Kò purọ́ fún un rí. Panji fi ọwọ́ pa á lórí, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, àsìkò ìgbéyàwó wọlé. Ní Tegal, bí wọ́n bá pè ọ́ síbi ìgbéyàwó tí o kò lọ, àwọn èèyàn á máa wò ọ́ bí ẹni tó di wọ́n sínú. Kò sì sí ẹni tó ń gbé káàdì káàkiri mọ́. Orí fóònù ni ìpè ń gbà wá, ti ọ̀rẹ́, ti àna, ti ẹni tí o kò mọ̀ tó jẹ́ pé ó mọ ẹni tí o mọ̀. Ọ̀kan wọlé sórí fóònù Màmá Darsih láti nọ́ńbà tí kò ní orúkọ. Wọ́n kọ ọ́ pé kí ó jọ̀wọ́ ṣí ìpè yìí, pé ìdílé ń retí rẹ̀.

Màmá rò ó títí pé ọmọ ta ló ń gbéyàwó, kò rí i rò. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìkìlọ̀ jáde. Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí Tiyas tó ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Àwọn olówú tún ti dé." Ó tẹ Bẹ́ẹ̀ni. Nǹkan náà béèrè bóyá òun lè máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀. Ó tún tẹ Bẹ́ẹ̀ni. Kò rí orúkọ ìyàwó tàbí ọkọ. Ojú fóònù kàn funfun, ó sì dákẹ́.

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Màmá Darsih, ta lẹ fẹ́ gbé níyàwó? Ìpè yín dé, àmọ́ kò ṣí." Ẹlòmíràn ní, "Ẹ tún ní kí n yá yín lówó. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ara ọmọ ò yá ni?" Ẹni tó wọnú fóònù rẹ̀ ti gba nọ́ńbà rẹ̀, ó ń fi orúkọ rẹ̀ tọrọ owó kiri, ó sì ti lé Màmá fúnra rẹ̀ jáde nínú Wasáàpù.

Màmá Darsih sáré lọ bá Kinasih nílé, kò wọ bàtà.

"Asih, wò ó fún mi. Mo tẹ ẹ́ bí o ṣe ní kí n máa tẹ̀ ẹ́."

Kinasih wò ó. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e gan-an ni àwọn aṣojú àjọ ń bọ̀ láti Jakarta, Panji sì wà níbi gbàǹjo pẹ̀lú àwọn obìnrin, ó ń múra sílẹ̀. Bí Panji bá rí fóònù yìí, á rí i pé géètì rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Á béèrè tàwọn yòókù.

"Kì í ṣe nǹkan bàbàrà, Màmá. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ má ì tíì sọ fún Bọ̀dá Panji, ẹ má jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dàrú."

"Tèmi ńkọ́? Àwọn ohùn mi ò ní—"

"Kò ní ṣe nǹkan kan."

Màmá Darsih fi fóònù lé e lọ́wọ́ bí ẹní ń fi ọmọ tuntun lé èèyàn lọ́wọ́.

Sobari ló ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó pòṣé. "Ìpè ìgbéyàwó yìí náà ni. Ẹlòmíì gbé irú ẹ̀ wá láàárọ̀. Ó ti wọ inú ẹ̀ pátápátá. Ká kúkú nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ dànù, kó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á."

"Ẹ nù ún."

"Mo lè kọ́kọ́ kó àwọn àwòrán àti ohùn inú ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mi. Àmọ́ ó máa dọ̀la. O rí bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ nílẹ̀ yìí."

"Ọ̀la ò ṣeé ṣe, Bọ̀dá Sobari. Òní ni mo fẹ́ ẹ."

Sobari wò ó láti òkè gíláàsì rẹ̀. "Ṣé nǹkan pàtàkì kankan wà nínú ẹ̀?"

Kinasih rántí Màmá Darsih lórí ẹní pẹ̀lú ìka tó nà sókè. Ó rántí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ó tún rántí pé nígbà tí òun pààrọ̀ fóònù lọ́dún tó kọjá, gbogbo ọ̀rọ̀ òun ló padà wá fúnra rẹ̀ nígbà tí òun tẹ nọ́ńbà òun. Kò rò ó pé Panji ló ti bá òun tò ó kó lè rí bẹ́ẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò bá Màmá Darsih tò ó.

"Kò sí," ó ní.

Sobari nù ún.

Nígbà tí wọ́n gba nọ́ńbà náà padà tán, ó ti ń di ìrọ̀lẹ́. Kinasih gbé fóònù náà padà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti dáa, Màmá. Ẹ wo bó ṣe ń yá! Mo ti ti géètì rẹ̀ báyìí, olè kankan ò lè wọ̀ ọ́ mọ́."

Màmá Darsih gbà á, ó jókòó sórí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀. Ojú fóònù mọ́ tónítóní. Ó tún wá a. Ó pa fóònù náà, ó tún un tàn, ó gbé e sétí bí ẹni tó rò pé bóyá ohùn náà máa dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Asih," ó ní, kò pariwo. "Níbo lo gbé ọmọ mi sí?"

Kinasih já fóònù náà gbà, ó sáré padà sọ́dọ̀ Sobari, ó ń ké lójú ọ̀nà. Sobari gbìyànjú gbogbo ohun tó mọ̀. Nígbà tó yá, ó gbé fóònù náà kalẹ̀, kò wo ojú rẹ̀. "O sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Àwọn aṣojú àjọ dé ní òwúrọ̀: obìnrin kan tó wé ìborí aláwọ̀ ewé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé báàgì, àti lọ́yà ilé-iṣẹ́ ńlá náà tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo imú nítorí òórùn ẹja. Panji ń darí wọn láti ilé dé ilé, ojú rẹ̀ ń dán. Kinasih tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Menik ní orí ń fọ́ òun.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Màmá Darsih. Ojú rẹ̀ wú. Ó gbé tíì fún wọn, ó ní kí wọ́n jókòó.

"Màmá, ta ló kọ́ yín bí ẹ ṣe ń lo áàpù yìí?" obìnrin náà béèrè.

"Ọmọ yìí ni. Ọmọ dáadáa ni."

"Ṣé wàhálà kankan ti wà?"

"Áàpù Panji dáa. Alágbàtà kò rẹ́ mi jẹ mọ́."

Lọ́yà náà mú ọwọ́ kúrò nímú. "Màmá, a gbọ́ lójúde pé olè wọ fóònù yín lánàá. Ṣé fóònù yín ò kìlọ̀ fún yín ni?"

"Ó kìlọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi tẹ Bẹ́ẹ̀ni?"

Màmá Darsih wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò wo Kinasih rárá. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Àgbà ti dé, ọ̀gá. Mi ò ríran dáadáa mọ́."

Irọ́ ni. Obìnrin yẹn lè ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ láìlo gíláàsì. Kinasih gbọ́ irọ́ tí wọ́n pa nítorí rẹ̀, kò sì lè gbé e mì.

"Èmi ni mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́!" ó kígbe. "Mo ní òwú ni ìkìlọ̀ yẹn, gbogbo ìgbà tó bá jáde kó máa tẹ Bẹ́ẹ̀ni. Èmi ni mo tún ní kí wọ́n nu fóònù náà. Ohùn Bọ̀dá Warsono wà nínú ẹ̀, mo mọ̀, mo sì ní kò sí nǹkan."

Panji ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

"O ní o tì wọ́n."

"Mi ò tì wọ́n, Bọ̀dá."

"Ilé ta lo fi sílẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

Kinasih rò pé Panji á gbá òun létí. Ì bá sàn bó bá gbá a. Panji kàn yíjú sí obìnrin àjọ náà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi láyè díẹ̀," ó sì bọ́ síta. Ó lo gbogbo ọjọ́ náà láti ilé dé ilé, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ti géètì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ìyá ṣe ń gbọ́ ìdí rẹ̀, ni wọ́n ń ní kó kúkú yọ Kabar Laut kúrò fún àwọn. Ó ń yọ ọ́.

Ní Jakarta, Panji sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò fi bò. Lọ́yà náà fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe oúnjẹ jẹ. Síbẹ̀ àwọn kékeré ló jàre lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Àjọ náà ní dídínà mọ́ èèyàn nítorí owó kì í ṣe ààbò; kí ilé-iṣẹ́ ńlá náà jẹ́ kí oníkálukú gba owó rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ń pín áàpù fúnra rẹ̀ náà kọ́ àwọn tó ń lò ó dáadáa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Panji jó nínú ọgbà níbẹ̀. Òun kò sí níbẹ̀. Kò ní ẹni tó ń lo áàpù rẹ̀ mọ́. Ó ti lọ sí ìlú Semarang lọ bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, àwọn alágbàtà sì ti padà sí etí òkun Tegal, wọ́n ń sọ iye tó bá wù wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, ẹ fetí sílẹ̀. Ohun tí Panji jà fún dára. Kò burú kí èèyàn ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ́ ẹnìkan pé kó má bẹ̀rù mọ́, o gbọ́dọ̀ dúró kọ́ ọ ní ohun tó ṣì yẹ kó bẹ̀rù. Bí o bá sì ba nǹkan jẹ́, tètè sọ ọ́ nígbà tí ó ṣì ṣeé tún ṣe. Ká ní Kinasih ti sọ òótọ́ fún Sobari, tí ó fi fóònù náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ìtìjú nìkan ni ì bá rí. Ìtìjú a máa lọ.

Kinasih ń lọ bá Màmá Darsih sá ẹja lójoojúmọ́ báyìí. Màmá kò lé e, kò sì bá a rojọ́ rí. Tiyas ti wọ iléèwé. Ọjọ́ kan ó dé, ó ju báàgì sílẹ̀, ó dúró ti pẹpẹ ẹja.

"Màmá, tíṣà ní ká sọ̀rọ̀ nípa bàbá wa. Báwo ni bàbá mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀?"

Màmá Darsih gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó gbìyànjú. Ó la ẹnu, ó sọ gbólóhùn kan, ó dáwọ́ dúró, ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín bí ọmọ rẹ̀ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.

Tiyas bú sẹ́rìn-ín. "Ohùn yín nìyẹn, Màmá! Èmi ò sọ tiyín. Tiẹ̀ ni mo sọ."

"Òótọ́ ni," Màmá Darsih ní. Ó tún gbé ẹja. "Tèmi ni. Mi ò rántí tiẹ̀ mọ́."